Re: Háídírójìn súlfáìdì: ẹ má fi òórùn sọ ọ́ lórúkọ

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìjókòó o. Mo kí yín láti Àkúrẹ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa lẹ́nu ọ̀rọ̀: nọ́ọ̀sì kan tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ìlú Oǹdó ló da ìbéèrè sílẹ̀. Ó fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé háídírójìn súlfáìdì fún wọn, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń pa èèyàn nínú ṣaláńgá, tó sì tún jẹ́ pé ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe é ní ìwọ̀nba, tó ń fi í dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ní orúkọ wo ni òun lè pè é tí kò ní já wọn láyà láìnídìí, tí kò sì ní tàn wọ́n jẹ. Láti ìgbà náà ni kálukú ti ń mú tirẹ̀ wá. Bàbá wa ní Ọ̀wọ̀ ní kí á pè é ní "afẹ́fẹ́ ẹyin rírà". Ẹnìkan mú "òórùn imí-ọjọ́" wá. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ olùkọ́ Yorùbá ní "àrokò inú ara" ló bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Àbúrò wa ní yunifásítì FUTA, tó ti ka ìwádìí tí wọ́n fi eku ṣe, fara mọ́ "afẹ́fẹ́ amúnisùn". Ẹnìkan sì wà tó ní kí á má wulẹ̀ da ara wa láàmú, májèlé ni, kí á pè é ní májèlé, ó parí.

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo sì fẹ́ bá gbogbo yín jà díẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Kí orúkọ afẹ́fẹ́ yìí sọ ohun tó jẹ́, kí ó má sọ ohun tó ń ṣe tàbí bó ṣe ń rùn. Ohun tó ń ṣe ń yí padà bó bá ṣe pọ̀ tó àti níbi tó bá dé. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí á fi máa sọ ìyẹn bí a bá dé ibẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nínú gbogbo orúkọ tí ẹ mú wá yìí, iyàrá kan ṣoṣo ni ẹni kọ̀ọ̀kan yín wò, tó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti òórùn, torí pé òun ló léwu jù, òun náà ló sì ní àwọn alátìlẹ́yìn jù.

Òótọ́ ni pé ó ń rùn bí ẹyin tó ti rà. Imú wa tètè ń gbọ́ ọ, kódà nígbà tí kò tíì tó ẹyọ 1 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Bàbá wa ní Ọ̀wọ̀ ò purọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń lọ sí bíi 100 sí 150 nínú mílíọ̀nù kan, ó ń pa imú. Kì í ṣe pé òórùn náà lọ o, imú ni kò gbọ́ ọ mọ́. Bó bá wá wọ 500 sókè, ẹni tó wà níbẹ̀ lè dákú kó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, mímí á sì dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó tún wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ kòtò ló ń jókòó sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí.

Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ kànga, tó sì ń kó sókàwéè, ní apá Ìjọ̀kà níbí. Mo ní kó sọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ibì kan ṣeé wọ̀. Ó ní àwọn máa ń so lántánì mọ́ okùn, àwọn á sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá kú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Mo ní bí iná ò bá kú ńkọ́?

"Tísà, a ó wọlé nìyẹn."

Mo ní bó bá ń rùn ńkọ́?

"Bó bá ń rùn, a máa ń ṣí i sílẹ̀, a ó dúró kó rùn tán."

Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí pé kì í ṣe òórùn ló ń pa èèyàn, "ooru" ni. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá kú sínú kòtò, ohun tí wọ́n á sọ ni pé ooru ló gbé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àwọn ìdáhùn yẹn kà. Lántánì yẹn wúlò: ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bí ọ́síjìn bá ti tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n háídírójìn súlfáìdì tó lè pa èèyàn kéré gan-an sí ohun tí iná lè mọ̀. Iná á máa jó roro, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ á sì ṣubú. Àfi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti wọn afẹ́fẹ́ náà ló lè sọ òótọ́. "A ó dúró kó rùn tán" ló wá dẹ́rù bà mí jù, torí pé àkókò tí imú ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ lè jẹ́ àkókò tí ewu pọ̀ jù. Bí a bá lọ fi òórùn ṣe orúkọ rẹ̀, orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa kọ́ ọmọ iṣẹ́ yẹn pé bí òun ò bá ti gbọ́ òórùn, afẹ́fẹ́ náà ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sì bẹ́ wọlé láti yọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sábà máa ń bá a lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè nìkan là ń sọ nìyí.

(Lórí "ooru": mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló ni ín, kò sì dárúkọ òórùn. Ṣùgbọ́n ooru oòrùn wà, ooru ara wà, ooru inú yàrá tí wọ́n mú iná lọ wà. Ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù.)

Ó kan imí-ọjọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù rè é, nítorí náà ẹ fara dà mí.

Mo fara mọ́ imí-ọjọ́ gẹ́gẹ́ bí orúkọ súlfúrù. Bíbélì Yorùbá ti lo "sulfuru" nínú ìtàn Sódómù, mo mọ̀, àwọn kan nínú yín sì ti sọ pé ó ti di tiwa. Ó dára. Ṣùgbọ́n lọ́jà, lọ́wọ́ àwọn lẹ́kùlẹ́jà, ta ló ń béèrè súlfúrù? Mo lọ sí Ọjà Ọba lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ìyá kan tó ń ta egbòogi fún mi ní imí-ọjọ́. Kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó tú ìwé ìròyìn kan, ó yọ èyí tó tó àtàǹpàkò jáde, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin ìbílẹ̀ tí wọ́n là. Ó ní àwọn tí ara ń yún ni wọ́n ń rà á, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ àdín. Mo gbé e sọ́wọ́, mo pa ọwọ́ dé, mo gbé e sétí. Bí ooru ọwọ́ mi ṣe ń wọ̀ ọ́, mo ń gbọ́ ọ tí ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí nǹkan bá ń sán nínú rẹ̀. Imí-ọjọ́ gidi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ooru kì í tètè tàn ká inú rẹ̀. Ara ìta á gbóná, inú á ṣì tutù, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ìyá náà wò mí bí ẹni tí orí ń dà rú.

Mo gbé e símú. Kò rùn bí ẹyin rírà. Ká sòótọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rùn rárá.

Ìyẹn ló pa "òórùn imí-ọjọ́" sí mi lọ́kàn. Imí-ọjọ́ kò ní òórùn tí ẹ ń wí yẹn. Bí ẹ bá sì dáná sun ún, èéfín tó ń jáde, tó ń mú èèyàn wúkọ́, tó ń ta ojú, afẹ́fẹ́ mìíràn ni: súlfọ̀ dàyọ́sáìdì, imí-ọjọ́ àti ọ́síjìn. Háídírójìn súlfáìdì jẹ́ imí-ọjọ́ àti háídírójìn. Àwọn méjèèjì ò jọ ara wọn nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọn ò sì jọ ara wọn nínú ìdánwò kẹ́místrì tí mo ti ń bá àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì fà láti ọdún gbọọrọ.

Àbá mi nìyí. Kí "èéfín imí-ọjọ́" jẹ́ ti èyí tó ti inú iná jáde, nítorí pé kò sí èéfín láìsí iná lẹ́nu Yorùbá. Kí "afẹ́fẹ́ imí-ọjọ́" jẹ́ ti háídírójìn súlfáìdì. Nínú ìwé tó bá jinlẹ̀, kí á kọ "háídírójìn súlfáìdì" ní kíkún lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí á máa pè é ní afẹ́fẹ́ imí-ọjọ́. Orúkọ yìí ò yìn ín, kò bú u, kò sọ pé ó ń rùn, kò sọ pé ó ń pani. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sọ.

Mo ti gbọ́ àtakò méjì tẹ́lẹ̀. Èkíní ni pé "imí" á pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, imí-eṣú ń hù lẹ́yìnkùlé gbogbo wa, a ń já a, a ń gbo ó, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ ẹni wa tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣu ní uṣu, tó ní bó bá jẹ́ tiwa ni, "umí-ọjọ́" ló yẹ. Lẹ́nu, ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà. Nínú ìwé, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bí àjọlò Yorùbá ṣe ń kọ ọ́.

Ní ti "gáàsì", tí ẹnìkan fẹ́ kó rọ́pò afẹ́fẹ́: ní Àkúrẹ́ níbí, bí o bá ní gáàsì ti tán, sílíńdà ni wọn á wò. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní májèlé ni, kí á pè é ní májèlé: ọ̀nà tí ìwọ ń tọ̀ yẹn, ọ̀nà tí gbogbo ayé tọ̀ fún nǹkan bí 300 ọdún nìyẹn. Dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, ti kọ̀wé nípa ojú pípọ́n àti ojú ríro tó ń bá àwọn tó ń kó ilé ìgbẹ́ jà. Ní 1777, Carl Wilhelm Scheele ní Sweden ṣàlàyé ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ náà. Láti ìgbà náà títí di àìpẹ́ yìí, ìwé tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọjá ti ikú: ikú nínú kòtò ìgbẹ́, ikú níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì. Wọ́n sì mọ bó ṣe ń pani. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù kan (irú purotéènì tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá) wà tí wọ́n ń pè ní cytochrome c oxidase, òun ló ń jẹ́ kí ara lo ọ́síjìn láti sọ oúnjẹ di agbára. Afẹ́fẹ́ imí-ọjọ́ á dì í mú, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ibẹ̀ náà ni sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ń dì mú, èyí tó fi di pé a ní láti rẹ ẹ̀gẹ́, ká fún un, ká yan án kó tó di jíjẹ.

Ọdún 1989 ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ní Kánádà, Warenycia àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ mọ iye tó wọ ọpọlọ àwọn eku tí wọ́n fi májèlé yìí pa. Bí ìwádìí ṣe ń rí, wọ́n ní láti yẹ ọpọlọ àwọn eku tí wọn ò fún ní nǹkan kan wò pẹ̀lú, kí wọ́n lè fi wé. Wọ́n bá a níbẹ̀ náà. Ọpọlọ tí kò sẹ́ni tó gbé májèlé súnmọ́ ní tirẹ̀ nínú. Láàárín ọdún yẹn, wọ́n rí i nínú ọpọlọ èèyàn. Mo fẹ́ràn ibi yìí nínú ìtàn náà ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹni tí wọ́n ń wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn, ọmọ ilé ni.

Ní 1996, àwọn onímọ̀ ọmọ Japan méjì, Kazuo Abe àti Hideo Kimura, fi hàn pé ọpọlọ ní ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe afẹ́fẹ́ náà, CBS ni wọ́n ń pè é, àti pé ìwọ̀n kékeré rẹ̀ ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lọ́wọ́ ní apá ibi tí ọpọlọ ti ń kọ́ ìrántí. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Kimura àti àwọn mìíràn fi hàn pé ó ń dẹ ẹran ara iṣan ẹ̀jẹ̀. Ní 2001, ẹgbẹ́ Rui Wang ní Saskatchewan, Kánádà, ṣàlàyé ọ̀nà tó ń gbà dẹ̀ ẹ́: ó ń ṣí ojú ihò kan lára sẹ́ẹ̀lì, pọtásíọ̀mù á jáde, iṣan á sì rọ̀. Bí wọ́n bá fún eku ní díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ á wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pa ọ̀pọ̀ àwọn oníyèméjì lẹ́nu mọ́ ni ti 2008. Wọ́n sin irú eku kan tí kò ní ẹ́ńsáìmù CSE, èyí tó ń ṣe afẹ́fẹ́ náà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Àwọn eku yẹn dàgbà, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n gba májèlé kúrò lára wọn, àìsàn ló fi rọ́pò.

Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ la máa pè ní májèlé nínú kíláàsì ìlera, lójú àwọn tí yóò máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn ìyá wa ní Oǹdó?

Bàbá Ọ̀wọ̀, mo fi èyí tù yín nínú o: ohun tí ara fi ń ṣe afẹ́fẹ́ náà ni sísítíìnì, ẹ̀yà kan lára purotéènì tó wà nínú ẹran, nínú ẹ̀wà, àti nínú ẹyin. Láti ara irú purotéènì bẹ́ẹ̀ náà ni òórùn ẹyin rírà ti ń wá. Nítorí náà ẹyin ò sọnù nínú ìtàn yìí. Orúkọ nìkan ni mi ò fẹ́ fún un.

"Amúnisùn" ti àbúrò wa kò ní gba àkókò. Ní 2005, Eric Blackstone, Mike Morrison àti Mark Roth ní Seattle fi eku sínú afẹ́fẹ́ tó ní 80 nínú mílíọ̀nù kan. Láàárín wákàtí 6, iṣẹ́ inú ara wọn lọ sílẹ̀ débi pé ìdá 1 nínú 10 ló kù, ara wọn tutù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òtútù yàrá dọ́gba. Nígbà tí wọ́n dá wọn padà sínú afẹ́fẹ́ gidi, wọ́n jí, wọ́n ń rìn. Ó yani lẹ́nu, inú gbogbo ayé sì dùn, wọ́n ní bóyá a ó lè fi dá ẹni tó fara pa dúró títí a ó fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ẹlẹ́dẹ̀ àti àgùntàn, kò ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi, bí orúkọ ọmọ bá bá eku mu tí kò bá àgùntàn mu, ta ni a fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́, ó wá kan yín, "àrokò inú ara" yín sì ni ó le jù láti kọ̀, nítorí pé ó dùn létí. Bí ó bá jẹ́ ewì là ń kọ, màá gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àrokò bí àwọn bàbá wa ṣe lò ó. Bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni, ọkàn rẹ̀ fà sí ọ. Ẹni tó rán an wà, ẹni tí a rán an sí wà, ẹni tó gbé e wà, adéhùn sì wà láàárín wọn lórí ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tó gbé e gan-an lè má mọ ohun tó wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ò ní ìkankan nínú wọn. Ara kì í dì í pamọ́ de ìgbà tí yóò rán an. Ìgbà tó bá fẹ́ lò ó ló ń ṣe é. Kò ní àpò, kò ní ẹnu ọ̀nà tó ń kàn. Ó ń la ara sẹ́ẹ̀lì kọjá. Ní ibi tó bá dé, ó lè so imí-ọjọ́ mọ́ sísítíìnì lára purotéènì tó bá pàdé, kí iṣẹ́ purotéènì náà sì yí padà. Ẹgbẹ́ Solomon Snyder ní Amẹ́ríkà ló ṣàlàyé èyí ní 2009. Ìyẹn kì í ṣe àrokò, ẹ̀gbọ́n. Àrokò kì í yí ọwọ́ ẹni tó gbà á padà.

Kí ẹ má rò pé àwa nìkan là ń jà lórí irú nǹkan báyìí, àwọn onímọ̀ náà jà. Náítíríìkì ọ́sáìdì ni wọ́n kọ́kọ́ gbà pé ó jẹ́ afẹ́fẹ́ tí ara ń fi ránṣẹ́, òun ló sì jẹ́ kí Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, tí í ṣe ọ̀kan nínú ohun tó ń pani nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, ni èkejì. Ní 2002 ni Rui Wang béèrè bóyá kí wọ́n gba afẹ́fẹ́ imí-ọjọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kẹta, ó sì to àwọn ohun tí afẹ́fẹ́ kan gbọ́dọ̀ kájú rẹ̀ kó tó wọ ẹgbẹ́ náà: pé ara ló ń ṣe é, pé ẹ́ńsáìmù ló ń darí ìṣe rẹ̀, pé ó ní iṣẹ́ tí a mọ̀ ní ìwọ̀n tó wà nínú ara, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún afẹ́fẹ́ mẹ́ta yìí lápapọ̀, ẹnìkan dábàá "afẹ́fẹ́ òjíṣẹ́". Kò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnìkan ti ń kùn pé ti ẹ̀sìn ni òjíṣẹ́. Èmi ò fẹ́ orúkọ níbẹ̀ rárá. "Afẹ́fẹ́ tó ń jíṣẹ́ nínú ara": gbólóhùn ni, ó sì tó. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ yẹn bá jíṣẹ́, a ó sọ pé ó jíṣẹ́. Ní ọjọ́ tó bá pa èèyàn, a ó sọ pé ó pani.

Nọ́ọ̀sì wa, ohun méjì kí ẹ tó tẹ ìwé yín. Ẹ má fi iye afẹ́fẹ́ náà nínú ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀kọ́ yín. Àwọn iye tí wọ́n ń kọ láyé àtijọ́ pọ̀ jù fíìfíì, torí pé ásíìdì tí wọ́n fi ń dán an wò ń já imí-ọjọ́ gbà kúrò lára àwọn nǹkan mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀. Láti nǹkan bí 2008 ni àwọn olùwádìí ti ń tọ́ka sí i pé bí iye yẹn bá jẹ́ òótọ́, èémí ẹnu wa gan-an ì bá máa rùn. Èkejì, wọn á béèrè aáyù lọ́wọ́ yín. Òótọ́ ni pé ní 2007, àwọn olùwádìí ní Alabama fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ pupa èèyàn lè yọ afẹ́fẹ́ imí-ọjọ́ láti ara èròjà aáyù, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gé sọ́tọ̀ sì rọ̀. Inú ìgò ìwádìí ni o. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nù, kó máa jẹ aáyù. Ẹ sọ ìyẹn kí alágbo tó sọ èkejì.

Mo bá yín kọ ìwọ̀nba yìí, ẹ gé e bó bá gùn jù:

"Afẹ́fẹ́ imí-ọjọ́ wà nínú ara gbogbo wa ní ìwọ̀n tín-ín-rín, ó ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ, ó sì ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan náà máa ń kóra jọ sí ìsàlẹ̀ ṣaláńgá, sókàwéè àti kànga àtijọ́. Níbẹ̀, ó ń pani. Bí o bá gbọ́ òórùn rẹ̀, kúrò níbẹ̀. Bí o kò bá gbọ́ ọ mọ́, má rò pé ó ti lọ. Bí ẹnìkan bá ṣubú sínú kòtò, má wọ ibẹ̀ láti yọ ọ́. Pariwo, kí o pe àwọn tó ní irinṣẹ́ ìmí."

Ó ku ẹyọ kan, ará Ìlàjẹ tó bá wà láàárín wa ni mo fi ń bẹ̀. Bí ẹ bá fi àjẹ̀ rú ẹrẹ̀ létí òkun lọ́hùn-ún, òórùn kan máa ń jáde. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà wà nínú rẹ̀; àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí nínú ẹrẹ̀ ló ń fi súlféètì inú omi òkun ṣe é. Ó dá mi lójú pé ẹ ti ní orúkọ fún un kí ẹnikẹ́ni tó wọ iléèwé. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, kódà bó bá jẹ́ òórùn ni wọ́n fi sọ ọ́, màá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ níwájú yín.

Èmi ni, olùkọ́ kẹ́místrì yín,
Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.